Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Tí Kò Ní Já Wa Kulẹ̀ Lójú Ọ̀nà

Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a lọ sí abúlé kan ní agbègbè Kétu láti gba ohùn baba àgbà kan sílẹ̀. Baba ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì mọ orin ẹ̀fẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lónìí kò gbọ́ rí. Odindi ọ̀sán kan ni ó fi kọrin fún wa. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a da ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká wa, a sì pa ti inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ́ kí àyè lè wà fún ti ọjọ́ kejì. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, a kàn dé kọ̀ǹpútà náà ni, a kò pa á, a sì tì í bọ inú àpò. Zemidjan tí ó gbé wa kó sí kòtò, àpò já bọ́ ní èjìká wa. Ara ẹ̀rọ kò fọ́, ojú rẹ̀ kò sán, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, ìró ta-ta-ta nìkan ni a ń gbọ́ láti inú rẹ̀. Kí a tó rí àyè padà lọ bẹ baba pé kí ó tún orin náà kọ, baba ti wàjà.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí nípa àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ líle, èyí tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní ordinateur durci. Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé líle wọn kò rí bákan náà. Ẹ̀rọ kan lè ṣubú kí ó má fọ́, kí eruku sì mú un so. Òmíràn wà tí òjò kò lè ṣe ní nǹkan kan, síbẹ̀ tí iná mọ̀nàmọ́ná tí ó ga lójijì yóò pa á ní ìṣẹ́jú kan. Kí a tó béèrè èyí tí ó le jù, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń pa ẹ̀rọ níbi tí àwa fúnra wa ti ń ṣiṣẹ́.

Lára páálí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ óò ti rí MIL-STD-810. Ìlànà àyẹ̀wò àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni, ó sì ń dún létí bí ẹni pé ọ̀gágun kan ni ó fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ó ń yan èyí tí ó bá wù ú nínú àwọn àyẹ̀wò náà, kò sì sí aláṣẹ kan tí ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ wo àyẹ̀wò ìṣubú nínú ẹ̀dà ọdún 2008: ìgbà 26 ni wọn yóò ju ẹ̀rọ sílẹ̀ láti ibi tí ó ga tó 122 sẹ̀ǹtímítà, sórí pákó tí a tẹ́ lé kọnkéré. Ṣùgbọ́n ìlànà náà gbà wọ́n láàyè láti pín ìṣubú 26 yìí láàárín ẹ̀rọ márùn-ún. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹyọ kan ni ẹ óò rà, òun nìkan ni yóò sì dá gbogbo ìṣubú rẹ̀ jẹ.

Àmì IP ni àwa gbẹ́kẹ̀ lé jù ú lọ. Nọ́ḿbà méjì ni ó máa ń tẹ̀ lé e, èkíní jẹ́ ti eruku, èkejì jẹ́ ti omi. Bí èkíní bá jẹ́ 5, eruku lè wọlé díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní dá iṣẹ́ dúró. Bí ó bá jẹ́ 6, eruku kò wọlé rárá. Bí èkejì bá jẹ́ 3, ẹ̀rọ náà lè fara da omi tí ó wọ́n sí i lára; bí ó bá jẹ́ 5, ó lè fara da omi tí a fi rọ́bà tú sí i. Bí ẹ bá rí X ní ipò àkọ́kọ́, bí IPX4, wọn kò sọ nǹkan kan nípa eruku nìyẹn, ẹni tí ó bá sì mọ erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Kétu yóò mọ̀ pé kò yẹ kí a gba X bẹ́ẹ̀ láìbéèrè.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Olùkọ́ tí ń gun zemidjan láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì kò nílò Toughbook 40 ti Panasonic, tí ó wúwo ju kílò mẹ́ta lọ, tí owó rẹ̀ ní titun sì kọjá mílíọ̀nù kan sẹ́fà dáadáa. Kí ó wá ẹ̀rọ fífúyẹ́ tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, bí ThinkPad àlòkù, kí ó sì rí i dájú pé SSD ni ó wà nínú rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ ti dùn wá. Nínú disque dur àtijọ́, àwo wà tí ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ kan sì ń sáré lórí rẹ̀ láìfara kàn án. Bí ẹ̀rọ bá ṣubú nígbà tí àwo náà ń yí, abẹ́rẹ́ yóò kàn án, yóò sì ha á. Ta-ta-ta tí a gbọ́ nìyẹn. SSD kò ní ohun kan tí ń yí nínú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí ń ṣe àkọsílẹ̀ òṣùwọ̀n kajú ní gbangba, ni a lè gbà nímọ̀ràn pé kí ó ra ẹ̀rọ líle tòótọ́, pàápàá bí ẹgbẹ́ bá dá owó rẹ̀ jọ. Ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lásán kì í sábà ju 250 sí 300 nit lọ, oòrùn ọ̀sán yóò sì sọ ọ́ di dígí. Ó nílò bí 1,000. Àwọn kan lára ẹ̀rọ wọ̀nyí sì ní bátìrì méjì, tí a lè pààrọ̀ ọ̀kan láìpa ẹ̀rọ. Ti ìyá tí ń tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ kò pẹ́ sọ: ẹ̀rọ rẹ̀ kì í kúrò lórí tábìlì, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Kí ó ra ẹ̀rọ lásán, kí ó fi owó tí ó kù ra onduleur tí ó dára.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ẹ̀rọ líle ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí gbogbo ìdérí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Bí ọ̀kan bá ti já, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó, nọ́ḿbà IP tí wọ́n kọ sí i kò wúlò mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú ẹni tí ń tà á, kí ẹ rí i pé ilé iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ni ín kò fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í pa. Ní ti pátákó ìtẹ̀wé, AZERTY tàbí QWERTY kò ní kó yín sí wàhálà: yálà ẹ àti ọ ni ẹ fi ń kọ Yorùbá, tàbí ɛ àti ɔ bí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Bénin, ètò inú ẹ̀rọ ni yóò fún yín ní lẹ́tà wọ̀nyí.

Àwa fúnra wa ra àlòkù kan tí ó ní IP53, tí SSD sì wà nínú rẹ̀. Àwọn SSD kékeré méjì tí à ń gbé sínú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi owó ìyókù rà, a kì í sì í pa ohùn inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ́ mọ́ títí a ó fi dé ilé. Àbúrò baba rántí méjì péré nínú àwọn orin ọjọ́ náà. A ti gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀dà kan wà ní Kétu, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, ìkẹta sì wà lọ́dọ̀ ọmọ baba obìnrin, tí ó ń gbé ní Atakpamé.