Èso Tí A Fi Ipá Mú Pọ́n

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ ṣì dúdú, tí inú rẹ̀ le, tí kò sì dùn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kábáìdì ni wọ́n fi mú un pọ́n.

Èso ní ohun tí ń mú un pọ́n nínú ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ethylene. Òun ló ń mú kí sítáàṣì inú èso di ṣúgà, kí ara rẹ̀ rọ̀, kí òórùn rẹ̀ sì ta sánsán. Ohun èlò àwọn wẹ́dà ni kábáìdì. Bí omi bá kàn án, ó ń tú gáàsì acetylene jáde. Gáàsì yìí fara jọ ethylene, ó sì ń tan èso jẹ kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó ti ethylene. Ìdí nìyẹn tí èso fi ń pọ́n lẹ́yìn, tó sì ń le nínú.

Kì í ṣe adùn nìkan la ń pàdánù. Arsenic àti phosphorus sábà máa ń wà nínú kábáìdì, májèlé sì ni wọ́n. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra. Ní Íńdíà, òfin oúnjẹ ọdún 2011 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta èso tí wọ́n fi acetylene mú pọ́n.

Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ìyá ọlọ́jà nìkan. Ọ̀nà wa kò dára, èso tó pọ́n lóko sì lè jẹrà kó tó dé ìlú. Àwa oníbàárà pẹ̀lú kì í fẹ́ ra èyí tó ní àbàwọ́n. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń bu kábáìdì ló ń kọ́kọ́ fa èéfín rẹ̀ símú.

Kí ìjọba tún ọ̀nà oko ṣe, kí ó sì ran ẹgbẹ́ ọlọ́jà lọ́wọ́ láti ní ilé tí wọn yóò ti máa fi ethylene mú èso pọ́n. Ẹ̀yin ìdílé, ẹ ra èyí tó gbó tí kò tíì pọ́n, ẹ kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan sí i, kí ẹ sì bò ó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò rọ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà àárín wa, ọmọ aládùúgbò yín ni yóò jẹ èso náà. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í le koko.