Ojú Wo Ni A Fi Ń Ka Ẹ̀ṣẹ́?
Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn bá délẹ̀ ní Ìlọrin, ìjà àṣekágbá Òlíńpíìkì London ọdún 2012 ni mo máa ń tọ́ka sí. Àmì 18 sí 18 ni Anthony Joshua, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, àti Roberto Cammarelle ará Ítálì fi parí. Ìgbà tí wọ́n tún ẹ̀ṣẹ́ tí àwọn adájọ́ tẹ̀ kà ni góòlù tó bọ́ sọ́wọ́ Joshua. Mo gbà pé ó tọ́ sí i, torí bó ṣe gbóná ní ìpele kẹta. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni! Ẹ̀ṣẹ́ tó ba Cammarelle lápá, ojú wa kà á bí èyí tó bà á lágbọ̀n. Ará Ítálì tó di ìpele àkọ́kọ́ àti ìkejì mú, níbi tí ọmọ tiwọn ti ṣíwájú, kò purọ́ rárá.