Ìtàn Amẹ́ríkà Tó Kàn Wá Ńkọ́?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu onímọ̀ ìtàn kan tó ń ṣàlàyé ìṣèlú Amẹ́ríkà nílùú wa níbí. Ó sọ ti Lincoln, ó sọ ti Martin Luther King, ó sọ ti òfin ọdún 1965 tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà kan béèrè pé, "Ọ̀gá, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ńkọ́? Ṣé wọ́n tilẹ̀ rántí ilé?" ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìyẹn? Walter King, tí wọ́n bí ní Detroit lọ́dún 1928, ló di Adéfúnmi, tó tẹ abúlé Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina lọ́dún 1970. Òfin ìdìbò ti wà nígbà náà o! Lójú tèmi, ilé ló ń wá. Lọ́dún 1981 ó wá sí àpérò àgbáyé lórí òrìṣà ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ọọ̀ni Ṣíjúwadé sì pàṣẹ kí àwọn ìjòyè ṣe ìwúyè rẹ̀, wọ́n fún un ní idà àṣẹ. Nífẹ̀ yìí náà ni, kì í ṣe Washington. Àwọn tó ti gbọ́njú nígbà náà ṣì wà láàárín wa.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ èyí náà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì fi Yorùbá sọ ọ́. Ìyá yẹn ṣì ń retí èsì.

Òǹkàwé yín,
Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.