Ẹ Má Gba Ẹgbẹ́ Lọ́wọ́ Obìnrin Lẹ́yìn Tí Ó Bá Gba Ife

Àwọn kan láàárín wa ń sọ pé obìnrin lè gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò lè ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ kò múná, wọ́n ní ilé ọkọ àti ọmọ títọ́ kò ní jẹ́ kí ó dúró ti iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà, nítorí òun ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tí yóò darí àwọn ọmọbìnrin lórí pápá àwọn CEG wa, láti Kpingni títí dé àárín ìlú Dáṣà. Àwa olùkọ́ kò fara mọ́ ọn. Ọgbọ́n kọ́ ni obìnrin tí ń kọ́ni ní eré ìdárayá ṣaláìní; àkókò ni a kì í fún un.

Ẹ wo Nàìjíríà, aládùúgbò wa. Ní ọdún 2010, Eucharia Uche kó àwọn obìnrin Nàìjíríà lọ gba ife Áfíríkà ní Gúúsù Áfíríkà. Ó kó wọn lọ sí Ife Àgbáyé ní Jámánì ní 2011. Nígbà tí wọn kò rí ọ̀nà lọ sí Ìdíje Òlíḿpíìkì ti 2012, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Ife tí ó gbà kò tíì pé ọdún kan nílé.

Irú rẹ̀ ló dé bá Florence Omagbemi. Ó ti jẹ́ balógun Super Falcons rí, ó sì lọ sí Ife Àgbáyé mẹ́rin. Ní oṣù Kejìlá 2016, ní Yaoundé, ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba ife Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kí ni èrè rẹ̀? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti wọ́de ní Àbújá nítorí owó wọn tí wọn kò san. Ní gbogbo ọdún 2017, ẹgbẹ́ náà kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan. Ní oṣù Kìíní 2018, Thomas Dennerby, ọkùnrin ará Sweden, ni wọ́n fi sí àyè rẹ̀.

Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé Dennerby náà gba ife ní 2018. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó borí lọ́jọ́ náà ní Accra? Ẹgbẹ́ Desiree Ellis ti Gúúsù Áfíríkà ni, pẹnárítì nìkan ni ó sì yà wọ́n. Ellis ti wà nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní 1993. Wọn kò lé e nítorí ìpàdánù yẹn. Ní 2019, ó pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Ife Àgbáyé ní Faransé. Wọn kò lé e síbẹ̀. Ní 2022, ó gba ife Áfíríkà ní Rabat. Ní 2023, ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún ní Ife Àgbáyé, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tí Ellis rí gbà tí Omagbemi kò rí ni ọdún mẹ́fà.

Àrùn yìí kì í ṣe ti Áfíríkà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, kí òfin tí wọ́n ń pè ní Title IX tó dé ní 1972, obìnrin ló ń darí ohun tó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní yunifásítì. Òfin náà mú owó wọ inú eré wọn. Àwọn ọkùnrin náà sì wọlé. Lónìí, obìnrin tí ń darí wọn kò tó ìdajì. Nígbà tí oko kò lérè, obìnrin ló ni ín. Nígbà tí ó so èso, ó di ti ọkùnrin.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. INJEPS ní Porto-Novo ń kọ́ tọkùnrin tobìnrin ní iṣẹ́ EPS. Kí olùdarí ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fi ẹgbẹ́ lé obìnrin lọ́wọ́ fi í sílẹ̀ fún un fún ọdún mẹ́rin, ì báà borí, ì báà pàdánù. Kí wọ́n rán an lọ gba ìwé àṣẹ CAF, kí wọ́n sì san owó wákàtí tí ó lò lórí pápá. Kí ẹgbẹ́ wa yìí náà fi ohùn sí i. Ọmọbìnrin tí kò rí obìnrin kankan rí pẹ̀lú fèrè lẹ́nu kò lè mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Àgbẹ̀ ni àwọn òbí wa lábẹ́ àwọn òkè wọ̀nyí. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá tú ebè kí àkókò tó pé kò gbọdọ̀ sọ pé iṣu ni kò ta.