Kì í Ṣe Ọ̀lẹ Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Ríbi Ṣe IT

Ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá ètò SIWES, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí IT, sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó ń kà nínú ìwé. Oṣù mẹ́fà ni ti yunifásítì, oṣù mẹ́rin ni ti políìtẹ́kíníìkì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bá múra ló ń ríbi tó dáa, pé ọ̀lẹ nìkan ni kì í rí. Àwọn olùkọ́ ń sọ ọ́, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń sọ ọ́. Irọ́ ni.

Owó ló ń pín ipò IT. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná láti Ìsẹ́yìn lè gbawájú ní kíláàsì. Àmọ́ Ìkẹjà àti Victoria Island, ní Èkó, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá wà, kò sì lè máa ti ilé lọ síbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń gbé Èkó ti ríbi sùn. Ẹni tí kò lẹ́nìkan gbọ́dọ̀ gba yàrá, onílé yóò sì gba owó ọdún kan gbáko lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lo oṣù mẹ́fà, kí éjẹ́ǹtì tó gba tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í san kọ́bọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦2,500 lóṣù ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, iye tí kò gbé ẹnikẹ́ni lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lónìí. Ọ̀pọ̀ ló sì parí IT kí owó náà tó dé. Ni ọmọ tó mọ̀wé bá dẹni tó ń ṣe fótókópì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Nígbà tó bá ń wáṣẹ́, wọn yóò bi í léèrè ibi tó ti ṣe IT. Ìwà ìkà ni láti fi ìyà jẹ ọmọ nítorí àpò bàbá rẹ̀, kí wọ́n tún wá pè é ní ọ̀lẹ!

Owó nìkan kọ́ ni ìdènà. Ti akẹ́kọ̀ọ́ orí kẹ̀kẹ́ arọ kò ṣòro láti rí: àtẹ̀gùn ló ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin tó ka irú ìdènà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ti gba ìbuwọ́lù ààrẹ ní January 2019. Àwọn ọmọbìnrin tó wá kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n sì ń fi sídìí tábìlì ìgbàlejò.

Ohun tó yẹ kò fara sin. Kí ilé iṣẹ́ san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, kí owó ìjọba dé kí IT tó bẹ̀rẹ̀, kí ilé ìwé fúnra rẹ̀ sì máa wá ipò fún ẹni tí kò lẹ́nìkan.