*ỌMÚ TÓ TÈTÈ YỌ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀ ỌMỌ*

Èmi nọ́ọ̀sì yín náà ni.

Màmá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ wọn wá bá mi, ọmọ ọdún 7. Ọmú rẹ̀ ti ń yọ. Kí wọ́n tó wá, wọ́n ti fi ọmọrogùn gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, awọ àyà ọmọ ti bó. Wọ́n sì ti bi í léèrè títí pé ta ló fọwọ́ kàn án. Ìfẹ́ ni màmá fi ṣe é, wọn ò fẹ́ kí ọkùnrin máa wo ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà jìyà lẹ́ẹ̀mejì: iná jó o, ilé sì fura sí i.

Ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀: ọwọ́ ọkùnrin kọ́ ló ń mú ọmú yọ. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ilé ẹyin ọmọbìnrin, ilé ẹyin á wá tú họ́mòònù sínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan gbígbóná ò lè dá iṣẹ́ yẹn dúró. Awọ ni yóò jó, ó sì lè ba ọmú tí ọmọ náà máa fi tọ́mọ lọ́la jẹ́. Àwa nìkan kọ́ là ń ṣe é: ní Kamẹrúùnù, ìwádìí kan ní 2006 rí i pé nǹkan bí obìnrin 24 nínú 100 ni wọ́n ti tẹ ọmú wọn bẹ́ẹ̀.

Ọdún ọmọ ni kí ẹ kà.

*Ọmọ jòjòló:* ọmú rẹ̀ lè wú, omi funfun lè jáde. Họ́mòònù ìyá ló kù lára rẹ̀, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fún un! Fífún lè sọ ọ́ di eéwo.

*Ọdún 8 sí 13:* àsìkò rẹ̀ ni. Ó lè kọ́kọ́ yọ lápá kan bíi kóró, kó máa dun ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Kóró yẹn ló máa di ọmú.

*Kó tó pé ọdún 8:* ẹ mú un wá. Nígbà míì kì í ṣe nǹkan kan. Nígbà míì ọmọ ti gbé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ìyá rẹ̀ jẹ, tàbí ó ń fi ìpara tó ní họ́mòònù para. Nígbà míì àìsàn ni. Bó bá ti ní irun abẹ́, tó ń ga lójijì, tó rí ẹ̀jẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹ má fi falẹ̀. Eegun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè tètè gbó, kó sì kúrú lágbà. Abẹ́rẹ́ wà tí dókítà àwọn ọmọdé fi ń dá a dúró.

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ láti Mọ́níyà dé UCH kì í ṣe kékeré, ká má tíì sọ owó àyẹ̀wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín, ká mọ̀ bóyá ó nílò àtilọ.

Ọmọ ọdún 7 tó yọ ọmú, ọmọ ọdún 7 náà ni. Bí ọkùnrin bá ń wò ó, ọkùnrin yẹn ni kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún. Bí ọmọ bá sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má nà án. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmú ṣe ẹ̀rí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á létí ìpàdé, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ míì. Ire o.