PẸ́DÀ TÍ Ń DI BÀTÀ MÚ: Ẹ YẸ ABẸ́ BÀTÀ WÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ!

Ẹni tó bá jókòó ti ọjà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ara á máa ro ó. Dókítà á ní kó máa ṣe eré ìdárayá. Bó bá wá lọ́mọ lókè òkun, ọmọ á fi kẹ̀kẹ́ inú ilé ránṣẹ́, èyí tí èèyàn ń wà lójú kan nínú pálọ̀ láìlọ síbì kankan. Màmá á gbàdúrà fún ọmọ títí, ìgbà tó bá wo ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni yóò tó rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ kò jọ pẹ́dà tó wà lára Raleigh àwọn bàbá wa rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Olúwo, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ṣe àpẹẹrẹ. Kẹ̀kẹ́ dé. Pẹ́dà rẹ̀ kéré, irin lásán, kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Màmá fi sílípáàsì gùn ún, ẹsẹ̀ yọ̀, pẹ́dà gbá a lójúgun. Wọ́n ní bàtà pàtàkì ló ń lò. Ó wọkọ̀, ó gba Ìtòìkín, ó di Ìkòròdú, ó ra bàtà tòkunbọ̀ kan tó ń dán bíi dígí ní Ṣábó. Ó délé, bàtà kò wọ pẹ́dà. Owó ti wọgbó!

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bàtà yìí kì í dá ṣiṣẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló ń bára wọn rìn: bàtà fúnra rẹ̀, ìkọ́ kékeré tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ abẹ́ rẹ̀, àti pẹ́dà tí ń gbá ìkọ́ náà mú. Bíi kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni. Ẹ dojú bàtà délẹ̀, kí ẹ ka ihò bóòtù abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì, ti irú SPD ni, èyí tí ilé iṣẹ́ Shimano ti Jàpáàn gbé jáde ní 1990. Irin ni ìkọ́ rẹ̀, kì í tóbi, ó sì máa ń ri sínú abẹ́ bàtà tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè rìn. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ti àwọn tí ń sáré lójú títì ni. Ike fífẹ̀ ni ìkọ́ rẹ̀, ó yọ síta. Ẹni tó bá fi rìn lórí táìsì, ó lè ṣubú yakata. Àwọn bàtà kan wà tó ní ihò méjèèjì.

Ihò nìkan kò sì tó o. Look Delta àti Look Keo, orúkọ bàbá kan náà ni wọ́n ń jẹ́, oníhò mẹ́ta ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ìkọ́ ọ̀kan kò wọ pẹ́dà èkejì. Delta ló wà lára kẹ̀kẹ́ Peloton ti Amẹ́ríkà. Ẹ ní kí ọmọ tó fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ kọ orúkọ pẹ́dà náà sílẹ̀ fún yín.

Look yìí, ilé iṣẹ́ Faransé tó ń ṣe ohun tí ń di bàtà mọ́ pákó ìyọ̀ lórí yìnyín ni. Ní 1984 ni wọ́n gbé ọgbọ́n náà wá sórí pẹ́dà. Ní 1985, Bernard Hinault fi gba Tour de France, ni àwọn yòókù bá bẹ̀rẹ̀ sí ju bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà nù.

Ẹ sì rántí Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí Olympics ní Paris lóṣù kẹjọ 2024. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í kún ìdíje inú pápá abẹ́ òrùlé, kò sì ní kẹ̀kẹ́ irú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Kẹ̀kẹ́ ṣeé yá. Pẹ́dà náà ṣeé tú lára ọ̀kan dè mọ́ òmíràn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyá ẹlẹ́ja wa ti ṣì í. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe èyíkéyìí n'Íkòròdú ì bá sọ fún un pé:

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ ra bàtà? Pẹ́dà lẹ ò bá pààrọ̀."

"Ṣé ó ṣeé tú ni, ọmọ mi?"

"Ó ṣeé tú, Mà. Sípánà 15 ni, àfi èyí tó bá ń lo Allen key. Ti ọ̀tún ń tú bí gbogbo bóòtù ṣe ń tú. Ti òsì, òdì ló ń tú. Ẹni tó bá fipá yí i bíi ti ọ̀tún, eyín rẹ̀ á jẹ."

Kẹ́ ẹ tó ra tuntun, ẹ wọn ẹnu rẹ̀: 9/16 íǹṣì ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n 1/2 íǹṣì wà lára àwọn kan.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ fi ogún ìṣẹ́jú na ẹsẹ̀ lẹ́yìn ọjà kò nílò bàtà oníkọ̀ọ́ kankan. Pẹ́dà pẹlẹbẹ àti kámbáàsì tí abẹ́ rẹ̀ le ti tó, kí ó ṣáà ki okùn bàtà bọ inú. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ sáré gidi ló yẹ kó ra oníkọ̀ọ́, oníhò méjì ni kó sì mú. Ìrọ̀lẹ́ ni kó lọ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Kó má sì gbé kámbáàsì lásán fún aránbàtà pé kó kan ìkọ́ mọ́ ọn. Abẹ́ rẹ̀ rọ̀, ìkọ́ á fà á ya.

Kí ìkọ́ wà lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ gbé fẹ̀ jù, kó má wọ́. Bó bá wọ́, orúnkún ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ dẹ bóòtù tí ń fún pẹ́dà mọ́ ìkọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ẹsẹ̀, kó yí gìgísẹ̀ síta. Kó má fà á sókè. Kó di ògiri mú kó fi kọ́ ọ ná.

Ọ̀kan kù tó léwu. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ inú ilé, wíìlì irin tó wúwo ló wà níwájú, òun àti pẹ́dà ni wọ́n jọ ń yí. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ dúró lójijì, wíìlì kò ní dúró, á máa wọ́ ẹsẹ̀ tó há sínú pẹ́dà kiri ni. Ẹ dẹ eré, ẹ tẹ búréèkì, ó di ìgbà tó bá dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó yọ ẹsẹ̀. Ọmọdé kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn bó bá ń yí.